Ohun Tí Àwòrán Rí Tí Ọ̀rọ̀ Kò Sọ

Handa gbé agbọ̀n rù, ó ń lọ sí abúlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Akeyo. Èso méje ló kó sínú agbọ̀n náà, oríṣi kan ò jọ èkejì. Bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ló ń rò ó nínú ara rẹ̀, èwo gan-an ni Akeyo máa fẹ́ràn jù nínú wọn: ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ṣé ọsàn ni, àbí máńgòrò? Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń kà á fún ti na ìka sójú ìwé, ó ti ń pariwo, torí ojú rẹ̀ ti tó ohun tí ojú Handa kò tó. Ọ̀bọ ti na ọwọ́ láti orí igi, ó ti yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ògòǹgò ti na ọrùn, ó ti ṣa gúáfà. Erin fi ọwọ́jà gbé máńgòrò, àgùnfọn gbé ọ̀pẹ̀yìnbó, ayékòótọ́ sì fò wá gbé èyí tó ṣẹ́kù. Nígbà tí Handa fi máa sún mọ́ ilé Akeyo, agbọ̀n òfìfo ló rù, kò sì mọ̀.

Òbúkọ kan ló yọ ọ́ nínú ìtìjú. Ó já okùn, ó sáré lọ forí sọ igi tanjaríìnì, èso sì rọ̀jò sínú agbọ̀n. Akeyo ní èso tí òun fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹnu ya Handa. Ọmọ tó ń wo àwòrán nìkan ló mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Eileen Browne ló ṣe ìwé yìí, Handa's Surprise, tí Walker Books tẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1994. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ Luo ní ilẹ̀ Kenya ni Handa. Ilé-iṣẹ́ Mantra Lingua, ní London kan náà, ti tẹ ẹ̀dà elédè méjì rẹ̀ lóríṣiríṣi, ti Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀. Èdè yòówù kí èèyàn fi kà á, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ìtàn náà ti dárúkọ olè kankan. Inú àwòrán ni gbogbo olè náà wà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ka iṣẹ́ ayàwòrán kún tó báyìí. Lójú òbí àti olùkọ́, kódà lójú àwọn kan tó ń tẹ̀wé tà, òǹkọ̀wé ló ni ìtàn. Ayàwòrán kàn ń bá a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Bí òǹkọ̀wé bá ní ajá ń sáré, kí ayàwòrán ya ajá tó ń sáré, kó gba owó ẹ̀, kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀, níbi tí iṣẹ́ yìí bá ti dáa jù, àwọn méjèèjì ló ń pín ìtàn sọ, tí ẹnì kan á sì mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ kí ẹnì kejì lè ráyè sọ tirẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fi èyí hàn kedere bíi Pat Hutchins, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé Rosie's Walk jáde lọ́dún 1968. Ọ̀rọ̀ 32 péré ló wà nínú ìwé náà láti òkè délẹ̀. Adìẹ kan nasẹ̀ jáde, ó gba inú ọgbà oko kọjá, ó yí omi po, ó gba orí òkìtì koríko kọjá, ó padà délé ní àsìkò oúnjẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò á béèrè pé kí wá ni ìtàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí ìwé rí i pé láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń tọ adìẹ lẹ́yìn. Ó fò mọ́ ọn, ó tẹ ẹnu réèkì, igi réèkì gbá a lójú. Ó tún fò, ó já sómi. Ìyẹ̀fun ya dà lé e lórí, níkẹyìn oyin lé e sá lọ. Adìẹ kò bojú wẹ̀yìn rí. Ọ̀rọ̀ kò sì dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí ń ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò tíì mọ̀wé kà. Àgbàlagbà tó ń kà á fún un ló ni ọ̀rọ̀, ọmọ náà ló sì ni àwòrán. Bóyá ibẹ̀ nìkan ni ọmọdé ti máa ń mọ̀ ju àgbà lọ láàárín ọjọ́.

Ojú ìwé 32 ló sábà máa ń wà nínú irú ìwé báyìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Pépà ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n á wá ká a, tí wọ́n á gé e. Ojú ìwé 8 tàbí 16 ló ń jáde lára ìká kọ̀ọ̀kan, 32 kì í sì í fi pépà ṣòfò. Bí wọ́n bá yọ ojú ìwé àkọlé àti ti orúkọ ilé ìtẹ̀wé kúrò, ohun tó kù fún ìtàn kò ju bí ìṣíwé 12 sí 14. Inú àyè kékeré yẹn ni ayàwòrán ti ń dá ọgbọ́n. Ohun tó fi pa mọ́ sẹ́yìn ojú ìwé ni ọmọ ń fẹ́ rí tó fi ń ṣí i.

Maurice Sendak, ọmọ Amẹ́ríkà, mọ àyè yìí lò débi tí ó fi di àríkọ́gbọ́n fún gbogbo ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Nínú Where the Wild Things Are, tó jáde lọ́dún 1963, ìyá Max lé e wọ yàrá láìjẹun nítorí ìwà ìpáǹle. Àwòrán àkọ́kọ́ kéré, pépà funfun yí i ká. Bí yàrá Max ṣe ń di igbó ni àwòrán ń tóbi sí i, tó ń ti funfun yẹn sẹ́yìn, títí ó fi kún ojú ìwé méjèèjì. Nígbà tí Max àti àwọn ẹranko abàmì bẹ̀rẹ̀ ijó, ọ̀rọ̀ kò rí àyè mọ́: ìṣíwé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jó láìsí lẹ́tà kan. Nígbà tó sì délé tó bá oúnjẹ rẹ̀ tó ṣì gbóná, àwòrán ló kù tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nìkan ló wà lójú ìwé ìkẹyìn náà. Ẹ̀bùn Caldecott, tí wọ́n ń fún ayàwòrán ìwé ọmọdé tó ta yọ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1938, bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1964.

Ẹni tó gba ẹ̀bùn yẹn ṣáájú Sendak ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá jù. Ezra Jack Keats ni wọ́n ń pè é. Jacob Ezra Katz ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Brooklyn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1916, Júù tó ṣí wá láti Poland sì ni àwọn òbí rẹ̀. Lọ́dún 1940, ó rí fọ́tò mẹ́rin nínú ìwé ìròyìn Life, ti ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ojú ọmọ náà àti bó ṣe dúró wù ú. Ó gé fọ́tò náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó lé ní ogún ọdún tí ọmọ yẹn fi ń wò ó láti ara ògiri. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Keats ń ya àwòrán sínú ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ, ọmọ aláwọ̀ funfun sì ni wọ́n ń gbé fún un yà. Nígbà tó wá kan ìwé tó máa dá kọ, tó sì máa dá yà, ọmọ ara ògiri yẹn ló fi ṣe Peter, ọmọ tó jí láàárọ̀ tó bá yìnyín níta nínú The Snowy Day, 1962.

Bó ṣe ṣe àwòrán ọ̀hún gan-an tó wò. Pépà aláwọ̀ àti aṣọ ló ń gé tó ń lẹ̀ pọ̀. Aṣọ ìyá Peter, rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Aṣọ tó tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, kánfáàsì tí àwọn ayàwòrán ń kùn ní ọ̀dà ni. Kí èérún yìnyín lè rí rẹ́kírẹ́kí, ó gbẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́, ó sọ ọ́ di òǹtẹ̀, ó ń tì í bọ ọ̀dà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ní ojú ìwé tí ilẹ̀ ti ṣú, ó ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ tàdáwà, ó ń ta á sára pépà títí tó fi rí eérú òru tó ń wá. Kò ṣe irú ẹ̀ rí kó tó di ìgbà náà. Bó ṣe ń lọ ló ń kọ́ ọ, ayọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan tuntun sì hàn nínú ìwé náà títí dòní.

Kò sí ibì kankan nínú ọ̀rọ̀ ìwé yẹn tó sọ pé aláwọ̀ dúdú ni Peter. Ó jáde, ó fi igi gbọn yìnyín lórí ẹ̀ka, ó ki yìnyín sápò, yìnyín yọ́. Awọ ara rẹ̀ wà nínú àwòrán, ó parí. Àwọn kan bínú sí i nítorí èyí. Nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1965, Nancy Larrick ṣírò ìwé ọmọdé 5,206 tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1962 sí 1964, ó rí i pé 349 péré, ìyẹn ìdá 6.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ni aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Inú àpilẹ̀kọ kan náà ló ti dẹ́bi fún Keats pé kò fẹnu sọ ohun tí Peter jẹ́, pé ìyá tó yà pẹ̀lú aṣọ yẹ́lò títàn náà jọ àwọn ìyá àgbà ọmọ-ọ̀dọ̀ tí òyìnbó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ìyá yẹn ṣì ní ìwọ̀n òótọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìdákẹ́ ọ̀rọ̀, Keats ló jàre. Ọmọ aláwọ̀ funfun kì í kéde ara rẹ̀ nínú ìtàn kó tó jáde lọ ṣeré, kí ló dé tí Peter á fi kéde? Nígbà tí ilé ìkàwé ìjọba New York pé ọdún 125 ní 2020, tí wọ́n ka ìwé tí àwọn èèyàn ti yá jù lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìwé Peter ló ṣe ipò kìíní: ìgbà 485,583 ni wọ́n ti yá a.

Àwọn Dillon náà yẹ ní ìdúró díẹ̀. Leo àti Diane, tọkọtaya ayàwòrán, oṣù March 1933 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọjọ́ 11 péré ló wà láàárín wọn. Aláwọ̀ dúdú ni Leo, aláwọ̀ funfun ni Diane. Pépà kan náà ni wọ́n jọ ń yà: ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbà á, á dá a padà, títí wọn ò fi ní mọ ẹni tó fa ìlà wo mọ́. Ẹni kẹta, wọ́n ní, ló ń ya àwòrán àwọn. Why Mosquitoes Buzz in People's Ears, ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Verna Aardema tún sọ, ló gba Caldecott fún wọn ní 1976, Leo sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹ wá ẹyẹ pupa kékeré kan nínú ìwé yẹn. Aardema kò kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn Dillon ló fi í sí i, ó ń bọ́ láti ojú ìwé kan sí òmíràn, ó ń wòran ohun tí àwọn ẹranko ń fà lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ashanti to Zulu tún gba ẹ̀bùn kan náà fún wọn. Igun férémù àwòrán inú ìwé yìí kọ̀ọ̀kan, kókó alọ́pọ̀ ni, wọ́n sì yà á bíi kókó ọnà ìlú Kano. Inú àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbìyànjú láti fi ọkùnrin, obìnrin, ọmọ, ilé, ohun èlò àti ẹranko àdúgbò sí. Ọ̀rọ̀ tí Margaret Musgrove, òǹkọ̀wé rẹ̀, kọ sójú ìwé kan kò ju ìpínrọ̀ kan lọ. Ìyókù, ojú ni kó lọ kà á.

Nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, inú Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé àwòrán nínú ìwé. Iṣẹ́ tí àwòrán ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀: ó ń bá ọmọ mú lẹ́tà mọ́ nǹkan tó mọ̀ nílé. Ọ̀nà àtijọ́ ni, láti ayé Comenius tó tẹ ìwé aláwòrán fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nuremberg lọ́dún 1658. Kò sí àléébù níbẹ̀ rárá. Ibi tí àléébù wà ni pé lẹ́yìn tí ọmọ ti mọ lẹ́tà tán, a ṣì ń fún un ní àwòrán tó ń tún ọ̀rọ̀ pè.

Àwọn kan ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ti ń yàwòrán sínú ìwé láti ọdún 1962, nígbà tí An African Night's Entertainment ti Cyprian Ekwensi jáde. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Onobrakpeya ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ fún. Iṣẹ́ náà le, torí Fágúnwà kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ láìsọ: bí ó bá júwe iwin kan tán, ojú, imú, ìrù, ẹsẹ̀, ohun gbogbo ti pé. Ayàwòrán tó bá ní òun á tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, ẹ̀rín ni yóò dá. Dúdú àti funfun nìkan ni Onobrakpeya lò. Ó fi ìlà àti àmì kún inú ara ẹ̀dá rẹ̀ débi tí ojú ẹni á máa wá ibi tí ara ti parí tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ní apá ìlà-oòrùn, Obiora Udechukwu, ọ̀kan lára àwọn tó mú uli, ìlà tí àwọn obìnrin Igbo ń yà sí ara àti ògiri, wọ inú iṣẹ́ ọnà òde òní, ló yàwòrán sínú Mammywater tí Flora Nwapa fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 1979.

Owó ni ìṣòro tó pọ̀ jù. Tàdáwà mẹ́rin ni àwòrán aláwọ̀ ń gbà, irú búlúù kan, irú pupa kan, yẹ́lò àti dúdú, pépà sì gbọ́dọ̀ nípọn kí ọ̀dà má baà yọ sí ẹ̀yìn. Àwọn ilé ìtẹ̀wé òkè òkun ti rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á da àwòrán ìwé kan sílẹ̀ ní aláwọ̀ fún orílẹ̀-èdè bíi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ sí orí àwo dúdú nìkan. Bó bá kan Faransé, wọ́n á pààrọ̀ àwo dúdú. Bó bá kan Jámánì, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ló mú kí ìwé tí èdè rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́ lè bọ́ sójú ọjà. Òun náà ló fà á tó fi jẹ́ pé àwòrán tí ọmọ tó ń ka Yorùbá ń wò, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n yà á fún: abúlé Kenya, oko Gẹ̀ẹ́sì, kòkòrò Eric Carle tó ń jẹ ewé Amẹ́ríkà.

Atinuke, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé ní Wales, ti ń dín àìtó yìí kù. Nínú Baby Goes to Market, tí Angela Brooksbank yà ní 2017, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, agbọ̀n wà lórí ìyá. Ìyá ń nájà. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ní mẹ́fà; ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n. Ọlọ́sàn-án fún un ní márùn-ún, ó jẹ ọ̀kan. Ó kan ṣínṣín, ó kan àgbàdo sísun, ó kan àgbọn. Agbọ̀n ń wúwo, ìyá kò mọ ìdí. Ẹni tó bá ka ti Handa rí á rẹ́rìn-ín: agbọ̀n tiwọn ń ṣófo lọ́hùn-ún, tiwa ń kún níbí. Nígbà tí ìyá sọ agbọ̀n kalẹ̀ tó rí ohun tó wà níbẹ̀, ohun tó bá a lọ́kàn jẹ́ ni pé ọmọ òun kò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀. Brooksbank kún ọjà yẹn fọ́fọ́, ọmọ tó bá fẹ́ tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní rí gbogbo rẹ̀ tán.

Too Small Tola, tí Atinuke kan náà kọ ní 2020, fi ilé alájà ní Èkó ṣe ibùgbé. Onyinye Iwu ló yà á, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Ítálì. Ọdún yẹn náà ni Look Up! gba ẹ̀bùn ìwé ọmọdé Waterstones ní Gẹ̀ẹ́sì. Nathan Bryon kọ ọ́, Dapo Adeola yà á, ọmọdébìnrin aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ràn ìràwọ̀ sì ni ìtàn náà dá lé. Ẹ̀bùn yẹn kò ṣẹ̀yìn àríwísí tó ti le. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ CLPE ní London ka ìwé ọmọdé 9,115 tí wọ́n tẹ̀ ní Bírítéènì lọ́dún tó ṣáájú. Ìwé 391 ni ẹ̀dá ìtàn aláwọ̀ dúdú, ará Éṣíà tàbí ẹ̀yà kékeré mìíràn ti fara hàn. Èyí tí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀dá ìtàn àkọ́kọ́ kò ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ ṣì kù. Ẹgbẹ́ IBBY, tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Hans Christian Andersen, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkọ̀wé nìkan ní 1956. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1966, wọ́n dá ti ayàwòrán sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òǹkọ̀wé. Ní Nàìjíríà, ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG ń gbé kalẹ̀, tó ti di 100,000 dọ́là, kọ́kọ́ kan ìwé ọmọdé ní 2007, nígbà tí Mabel Segun àti Akachi Adimora-Ezeigbo jọ gbà á, ó sì ti tún kàn án lẹ́yìn ìgbà náà, títí kan 2024, nígbà tí Olubunmi Familoni gbà á. Òǹkọ̀wé ni gbogbo wọn. Ẹni tó ya àwòrán kò tíì ní àga tirẹ̀ níbẹ̀.